Honda ST1300 àbí Yamaha FJR1300: èwo ni kí n mú nínú àlòkù méjèèjì?

Arìn_Jẹ́jẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Alùpùpù àlòkù méjì ló wà níwájú mi, iye tí àwọn tó ni wọ́n ń pè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan jẹ́ Honda ST1300 ti ọdún 2007, ó ti rin kìlómítà 61,000. Èkejì jẹ́ Yamaha FJR1300 ti 2008, ó ti rin 48,000. Méjèèjì ní ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há), méjèèjì ń lo ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn) dípò ṣéènì, méjèèjì ní àpótí ẹ̀gbẹ́ àti dígí iwájú tó ń fi iná gòkè sọ̀kalẹ̀. Ká ní wọn ò kọ orúkọ sí wọn lára ni, ǹ bá ní inú ìyá kan náà ni wọ́n ti jáde.

Èmi àti ìyàwó mi la jọ máa gùn ún. Ìrìn ọ̀nà jíjìn la fẹ́ràn, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lójú ọ̀nà, a kì í sáré àsápajúdé. Mi ò ga, mítà 1.68 ni mí. Èyí tí mo ń gùn báyìí jẹ́ 650 cc (ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì), kò wúwo rárá. Gbogbo ohun tí mo ń kà lórí àwọn méjèèjì, agbára ẹ́ńjìnnì ṣáá ni wọ́n ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọ̀gá_Ṣáàfù

Àbúrò, FJR ni kó o mú. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà lórí tèmi, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ́ńjìnnì FJR jẹ́ 1298 cc, sìlíńdà mẹ́rin tó tò lórí ìlà kan, agbára ẹṣin 144 ni wọ́n kọ sí i. ST jẹ́ 1261 cc, V4 (sìlíńdà mẹ́rin tó ya bíi lẹ́tà V) tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí gígùn, agbára tirẹ̀ wà ní nǹkan bí 125. Ẹ lè ní ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan. Ó tó nǹkan nígbà tí ìyàwó bá wà lẹ́yìn, tí àpótí kún, tí o sì fẹ́ kọjá ọkọ̀ akẹ́rù lórí òkè. Wàá kàn yí ọwọ́ ni, o ò ní wá jíà kankan.

Èyí tó tiẹ̀ ṣe pàtàkì jù sí ẹ ni ìwúwo. FJR tó kún fún epo àti ọ́ìlì kò pé 300 kìlò. ST lé ní 320. Ìwọ tó ò ń bọ̀ láti orí 650, o fẹ́ lọ gbé irú ẹrù yẹn?

Ìyá_Akoto

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Ṣáàfù, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu tèmi náà sí i. Mítà 1.62 ni mí, mo sì ti gun ST1300 fún ọdún mẹ́sàn-án.

Arìn Jẹ́jẹ́, ìwúwo tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í ṣe ìwúwo tí ẹsẹ̀ rẹ máa gbé. Níbo ni alùpùpù ńlá ti máa ń ṣubú? Kì í ṣe lórí eré. Ibi tó ti dúró ni: nílé epo, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà, nígbà tí o ń yí po lójú ọ̀nà tóóró tí ẹni ẹ̀yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Tó bá ti ń rìn, ìwúwo yẹn á pòórá. Tó bá dúró, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ló kù tó máa bá ọ sọ̀rọ̀.

Ìjókòó ST ní ipele mẹ́ta tí o lè yàn: mílímítà 775, 790 àti 805. Ti FJR láti 2006 ní méjì: 805 àti 825. Ẹ wò ó dáadáa. Ibi tó ga jù lórí ST ni ibi tó kúrú jù lórí FJR. Fún ẹni tó ga bíi mítà 1.80, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe nǹkan kan. Fún èmi àti ìwọ, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ nílẹ̀ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan nílẹ̀.

Mi ò ní kó o ra ST o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó o gbé ìyàwó rẹ dání lọ wò wọ́n, kí ẹ jókòó sórí méjèèjì láì tan ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀gá_Ṣáàfù

Ẹ kú ìsọ, Mà. Òótọ́ lẹ sọ nípa gíga ìjókòó. Àmọ́ gíga nìkan kọ́, fífẹ̀ náà ń bẹ. Bí ìjókòó bá fẹ̀, ẹsẹ̀ á ya sí ẹ̀gbẹ́, á sì dà bíi pé ó ga ju bó ṣe ga lọ. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jókòó sí i fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, a ti fẹnu kò.

Ọ̀nà_Tó_Jìn

Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì mẹ́nu ba epo. Táńkì ST gba líta 29, ti FJR gba 25. Bí líta kan bá ń gbé e rin kìlómítà 17, ST á rin bíi 490 kó tó gbẹ, FJR á rin bíi 425. Fún àwa tó ń rìn níbi tí ilé epo jìnnà síra, kìlómítà 65 yẹn lè mú kéèyàn fọkàn balẹ̀ dórí ibùsùn.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn lára ST: wọ́n pín epo náà sí méjì, apá kan wà nísàlẹ̀ ìjókòó. Ìyẹn jẹ́ kí ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀, kó má wà lókè láàárín orúnkún rẹ. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ohun tí Ìyá Akoto ń sọ pé ìwúwo ń pòórá.

Arìn_Jẹ́jẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò tiẹ̀ ronú nípa ìdúró rárá, ìrìn ṣáá ni mò ń rò. Ìbéèrè méjì: ẹnì kan sọ fún mi pé ST máa ń mì bí ejò tí eré bá pọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Àti pé ẹlòmíràn ní ooru FJR á sun itan mi.

Ọ̀gá_Sípánà

Mo ń tún alùpùpù ṣe, èmi á dáhùn èyí, lẹ́yìn náà n óò sọ ohun tí o gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ mímì yẹn kì í ṣe àhesọ. Àwọn ẹ̀ka ọlọ́pàá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ ST1300 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2007 nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ọlọ́pàá ṣe ń lò ó: ẹrù rédíò àti iná lókè lẹ́yìn, eré tó kọjá ti arìnrìn-àjò. Tí o bá ń rìn jẹ́jẹ́ bí orúkọ rẹ, ohun tó kàn ọ́ ni kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí bearing ọrùn ìdarí (irin roboto tó ń jẹ́ kí ìdarí yí) má dẹ̀, kí o sì kó ohun tó wúwo sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀. Má fi òkúta kún àpótí ẹ̀yìn òkè. Èyí kan FJR náà.

Ní ti ooru, ẹ́ńjìnnì tó lé ní 1200 cc tí wọ́n fi ike bò pátápátá, ibo ni ooru rẹ̀ á gbà? Méjèèjì ń gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Láti 2006 ni wọ́n ti tún ọ̀nà ooru FJR ṣe, ó sàn ju ti àwọn àkọ́kọ́ lọ.

Ó kan ohun tí o máa yẹ̀ wò báyìí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Lára ST, ohun àkọ́kọ́ ni bíréèkì. Bíréèkì rẹ̀ so pọ̀: bí o bá tẹ ti ọwọ́, ẹ̀yìn náà á dì mú, bí o bá tẹ ti ẹsẹ̀, iwájú náà á dì mú. Ohun tó ń ṣe ìsopọ̀ yẹn ni másítà kékeré kan (ohun tó ń ti omi bíréèkì) tó wà lára ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì. Kálípà òsì (ohun tó ń fún bíréèkì mọ́ táyà) máa ń yí díẹ̀ nígbà tí o bá tẹ bíréèkì, ìyípadà yẹn ló ń ti másítà kékeré náà, òun ló sì ń rán ìtẹ̀ lọ sẹ́yìn. Tí wọn ò bá pààrọ̀ omi bíréèkì fún ọdún púpọ̀, ihò kékeré inú rẹ̀ á dí, táyà ẹ̀yìn á sì máa há láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Bí o ṣe máa mọ̀ nìyí: gbé e sórí dọ́bù sítáǹdì (ẹsẹ̀ àárín tó ń gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀), kí ẹnì kan fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Ìwọ fi ọwọ́ ti kálípà òsì iwájú sókè gbọn-in. Táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dúró. Jọ̀wọ́ rẹ̀: táyà gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ bíréèkì, kó máa yí, lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá pẹ́ kó tó bọ́, iṣẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí kò sì rọrùn, nítorí yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì tó so pọ̀ yẹn ń gba sùúrù.

Lára FJR, nǹkan méjì. Èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2006 sí 2009 ní ìṣòro ibi tí àwọn wáyà ilẹ̀ ti pàdé nínú okùn iná rẹ̀. Ó máa ń gbóná, ẹ́ńjìnnì sì lè kú lójú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pè wọ́n padà fún àtúnṣe. Ti 2008 tí o ń wò wà nínú wọn, nítorí náà bèèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti ṣe é, tàbí kí o mú nọ́ńbà férémù rẹ̀ lọ bá aṣojú wọn. Èkejì ni ohun tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì le (ṣéènì yìí kì í ṣe ti táyà). Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, wàá gbọ́ ìró irin tó ń lu irin nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ṣéènì tó bá fo lórí eyín, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ pátápátá. Owó díẹ̀ ni ohun náà, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó pariwo.

Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kí o tó dé. Bí o bá débẹ̀, kí o tó kí ẹnikẹ́ni tán, gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì.

Ìyá_Akoto

Ọ̀gá Sípánà, ọwọ́ yín ò ní kan o. Kí n fi ọ̀kan kún un: táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kù jẹ́ ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà lè ní ojú tó jinlẹ̀ bíi tuntun kó sì ti gan. Mo ti yọ̀ ṣubú lórí táyà tó dára lójú báyẹn rí, lórí ọ̀nà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, pẹ̀lú ọmọ mi lẹ́yìn. Ọlọ́run ló yọ wá. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó wo ẹ́ńjìnnì, táyà ni mò ń bẹ̀rẹ̀ wò.

Ọ̀nà_Tó_Jìn

Fún ST, bí o bá rí ibi tó fá ní ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀, má sá kíákíá. Wọ́n fi ohun ìdáàbòbò síbẹ̀ kí ó lè gbé ara lé e tó bá dojú bolẹ̀ níbi ìdúró. Wo òkè dígí ẹ̀gbẹ́, orí ọwọ́ bíréèkì àti ojú ìdarí. Tí ìdarí bá wọ́, tí iwájú sì ń fà sápá kan, ìyẹn ló ń jẹ́ jàǹbá.

Arìn_Jẹ́jẹ́

Ẹ̀yin àgbà, a ti lọ, a ti bọ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà wá. Mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

FJR la kọ́kọ́ wò. Mo gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì: ó gbóná. Mo bẹ ọ̀gbẹ́ni náà pé a ó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó jọ̀wọ́ má tan án. Ó gbà láìbínú. A padà, ó tutù, mo tan án, kò sí ìró kankan tó yàtọ̀. Ìwé àtúnṣe wáyà wà níbẹ̀. Táyà tuntun. Inú mi dùn débi pé mo ti fẹ́ mú owó jáde.

Ìwé ìtọ́jú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mi dúró: ó parí sí kìlómítà 30,000. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn. Ìwé alùpùpù náà sì sọ pé kí wọ́n yẹ fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) wò ní bíi 42,000.

Lẹ́yìn náà, mo ṣe ohun tí Mà sọ. Mo jókòó, ìjókòó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìyàwó mi gùn ún. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo wà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, mo rí i mú. A tì í dé ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kò ju àbáwọlé ilé lọ, orúnkún òsì mi sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ìyàwó mi rọra sọ sí mi létí pé òun ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

A lọ wo ST. Obìnrin àgbà kan ló ń tà á, ọkọ rẹ̀ ló ń gùn ún, orúnkún bàbá náà ò gbà á mọ́. Ìwé ìtọ́jú pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní, bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà àti ọjọ́. Ẹ́ńjìnnì tutù. Mo ti kálípà bí Ọ̀gá Sípánà ṣe sọ, táyà ẹ̀yìn dúró, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó bọ́ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ táyà iwájú jẹ́ 1816, ti ẹ̀yìn 0917, méjèèjì sì ní ojú dáadáa. Omi bíréèkì ti ṣú díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn sí i lé ní ọdún mẹ́ta.

Mo jókòó, ìjókòó wà ní 775. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mi kanlẹ̀. Ìyàwó mi gùn ún, mo mì í sọ́tùn-ún sósì, ara mi balẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fà á sẹ́yìn kúrò níbi tó dagẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo tó mọ̀ pé ó lé ní 320 kìlò lóòótọ́. Kò lọ. Ìyàwó mi ní láti sọ̀ kalẹ̀ bá mi fà á.

Ọkàn mi ń fà sí ST, àmọ́ fífà sẹ́yìn yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ṣé mo ń tan ara mi jẹ ni?

Ọ̀gá_Ṣáàfù

Àbúrò, èmi tí mo ní kó o mú FJR ló ń sọ èyí: mú ST. Orúnkún tó ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó lẹ́yìn, kò sí agbára ẹṣin tó lè tún un ṣe. Ká ní ìwọ nìkan lo máa gùn ún ni, n óò ṣì bá ọ jiyàn. Wọ́n máa ń gé ìjókòó FJR kúrú o, mo mọ̀, ṣùgbọ́n gígé yẹn á mú kí orúnkún rẹ ká sókè jù, ìrìn wákàtí mẹ́fà á sì jẹ ọ́ níyà.

Ìwé bàbá yẹn náà tó nǹkan. Ẹni tó kọ kìlómítà àti ọjọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ọ́ìlì tó pààrọ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi alùpùpù sínú òjò.

Ìyá_Akoto

Fífà sẹ́yìn yẹn kì í ṣe ẹ̀rù, ìlànà ni. Má gbé alùpùpù tó wúwo wọ ibi tí imú rẹ̀ ti máa dojú kọ ìsàlẹ̀ àti ògiri. Tó o bá dé ibi ìdúró, kọ́kọ́ dúró lókè, wo ilẹ̀, kí o sì fi ẹ̀yìn rọra wọlé kí imú lè kọjú sí ọ̀nà ìjáde. Ìwọ á fi ẹ́ńjìnnì jáde, o ò ní fi itan jáde. Kí ẹni ẹ̀yìn máa sọ̀ kalẹ̀ kí o tó máa rìn ín láti ibì kan sí ibì kan, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àti nígbà tó bá fẹ́ gùn ún: ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì nílẹ̀, bíréèkì ọwọ́ ní títẹ̀, kó sọ fún ọ pé òun ń bọ̀, kí ìwọ náà dáhùn pé kó máa bọ̀. Èmi àti ọmọ mi ò tíì gùn ún láìsọ ọ́ rí.

Bó bá sì ń ṣubú níbi ìdúró, tó ti kọjá ibi tí o lè gbé e mọ́, jọ̀wọ́ rẹ̀. Má dà á mú. Ẹ̀yìn rẹ kò ní ohun ìdáàbòbò tí wọ́n fi sára ST.

Ọ̀gá_Sípánà

Mo fara mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n má gun ST náà lọ sílé lórí táyà yẹn. Bá ìyá náà sọ̀rọ̀ pé táyà méjèèjì àti omi bíréèkì wà nílẹ̀ láti ṣe, kí ẹ jọ yọ ọ́ nínú owó. Ìwọ̀n táyà: 120/70 lórí 18 níwájú, 170/60 lórí 17 lẹ́yìn. Kí wọ́n má fi 17 ti FJR fún ọ níwájú.

Nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá ti jáde, o láǹfààní tí kì í sábà wá. Wo eyín tó so táyà mọ́ jíà ṣáàfù. Tí wọ́n bá ti mú bí eyín ayùn, wọ́n ti jẹ. Tí orí wọ́n bá ṣì pẹlẹbẹ, wọ́n dára. Nù wọ́n mọ́, fi gíríìsì tuntun sí i, pààrọ̀ àwọn O-ring (òrùka rọ́bà) rẹ̀, kí o sì pààrọ̀ ọ́ìlì inú jíà ẹ̀yìn náà.

Arìn_Jẹ́jẹ́

A ti sanwó. Ìyá náà gbà, ó yọ owó táyà méjèèjì kúrò. Bàbá jáde wá, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ méjì àti ìwé rẹ̀, ó ní kí n máa kọ ọ́ lọ láti ibi tí òun dúró. Mo ti kọ ojú ìwé àkọ́kọ́ lálẹ́ àná.

Ọ̀gá Sípánà, irú gíríìsì wo? Èyí tí mo ní nílé ni ti bearing táyà.

Ọ̀gá_Sípánà

Ìyẹn ò ní dúró níbẹ̀, á fọ́n dànù. Wá èyí tí molybdenum (irú irin kan) pọ̀ nínú rẹ̀, Moly 60 ni Honda ń pè é tẹ́lẹ̀. Fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á tínrín sára eyín méjèèjì, má dì í bọ inú rẹ̀. Máa tún un ṣe nígbàkígbà tí táyà ẹ̀yìn bá jáde. Kọ ọ́ sínú ìwé bàbá.